Níbo Ni Kí A Jókòó Sí? Ìtàn Ilé Ọtí Stonewall àti Àríyá Kan ní Ẹ̀gbẹ́dá

Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2018, mo wà nílé ẹlẹ́mu kan ní Odò-Ọjà, ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ti máa ń jókòó nígbàkígbà tó bá ti Èkó wálé. Oòrùn ti ń wọ̀ lẹ́yìn òkè Olósùnta, ẹmu ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ṣì ń hó. Ẹnì kan láàárín wa gbé fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè rí fídíò tó ń wò. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló wà níbẹ̀, wọ́n pọ̀ lọ jàra, àwọn ọlọ́pàá Èkó kó wọn jọ síwájú àwọn oníròyìn, àwọn oníròyìn sì ń na ẹ̀rọ sí wọn lẹ́nu. Àwọn 57 ni. Wọ́n ní inú hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti kó wọn, pé ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n jù wọ́n sẹ́wọ̀n títí wọn yóò fi hu ewú. Ẹlòmíràn ní ẹ̀wọ̀n ti kéré jù. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ohun tí mo rí. Mo rẹ́rìn-ín nítorí pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀, kò sì padà wá mọ́.

Nígbà tí mo wá a lọ sílé wọn lálẹ́ ọjọ́ náà, ìta gbangba iwájú ilé ìyá rẹ̀ ni a jókòó sí, iná ìjọba sì ti lọ. Níbẹ̀ ló ti sọ ohun tí mo ti ń fura sí láti ìgbà tí a ti wà nílé ẹ̀kọ́ girama, tí mo sì ti ń ṣe bí ẹni tí kò fura. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Ó ní òun kò sí lára àwọn tí wọ́n kó ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣùgbọ́n irú wọn ni òun. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé: “Ìwọ sọ fún mi, níbo ni kí a jókòó sí?”

Mi ò rí èsì kankan fọ̀. Ó padà sí Èkó ní ìdájí ọjọ́ kejì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó fi orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀. (Ó mọ̀ pé mò ń kọ àpilẹ̀kọ yìí. Mo yí àwọn nǹkan díẹ̀ padà nínú ìtàn rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀.) Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi kì í ṣe àgbà nígbà náà, ṣùgbọ́n mo wà lọ́jà.

Ìbéèrè rẹ̀ ló sọ mí di ẹni tó ń ka ìtàn ilé ọtí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi lè bi mí pé, kí ni ilé ọtí ní í ṣe pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn? Ẹni tó bá mọ ilé ẹlẹ́mu ní Èkìtì kò ní béèrè. Ẹmu nìkan kọ́ ni à ń mu níbẹ̀. Níbẹ̀ ni a ti ń mọ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ. Níbẹ̀ ni a ti ń yan gómìnà kí àjọ elétò ìdìbò tó yàn án. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kó jáde yóò rí ẹni tí yóò ṣípẹ̀ fún un, àwọn méjì tó ń jà sí ààlà oko yóò rí ẹni tí yóò là wọ́n. Kò sí ẹni tí í bi ọ́ pé ta ló ní kí o wá jókòó. Bí owó ẹmu bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, àpótí ìjókòó di tìrẹ. Ohun kékeré ni lójú ẹni tó ní in.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí 60 ọdún sẹ́yìn, àwọn kan wà tí wọn kò ní in. Ní ìlú New York, àjọ ìjọba tó ń fún àwọn onílé ọtí ní ìwé àṣẹ gbà pé ibi tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, bá ti ń kó ara wọn jọ, ilé tí kò létò ni. Onílé ọtí tó bá bu ọtí fún wọn lè pàdánù ìwé àṣẹ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá a máa wọ aṣọ ara ìlú wọ inú ilé ọtí, wọn a máa tan ọkùnrin bá wọn sọ̀rọ̀, wọn a sì mú un bó bá dáhùn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde nínú ìwé ìròyìn lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀, ilé tó háyà, àti àwọn ẹbí rẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí kò lè bá ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jókòó nílé baba wọn, tí wọn kò sì lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ọtí nìkan ló kù fún wọn, òun náà sì rèé, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí tán.

Ìjà lórí ilẹ̀kùn yìí ti bẹ̀rẹ̀ kí ayé tó gbọ́ orúkọ Stonewall. Ní ìlú San Francisco, ilé ọtí kan wà tí wọ́n ń pè ní Black Cat. Ọ̀gbẹ́ni Sol Stoumen ló ni ín. Nígbà tí ìjọba gba ìwé àṣẹ rẹ̀ nítorí irú àwọn oníbàárà tó ní, ó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìpínlẹ̀ California sì dá a láre ní ọdún 1951. Ìdájọ́ náà kò le yé ènìyàn: pé àwọn tó ń fẹ́ irú ara wọn ń pàdé níbì kan, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń mutí, ìyẹn nìkan kò tó láti fi ti ilé náà pa. Ìjọba kò jáwọ́ ṣá. Wọ́n ṣòfin tuntun, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu títí ìwé àṣẹ náà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1963. Ṣùgbọ́n kí ó tó bọ́, agbóúnjẹ kan tó tún jẹ́ olórin nílé ọtí náà, José Sarria, ti jáde du ipò nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú ní 1961. Kò wọlé, ṣùgbọ́n ìbò tó lé ní 5,000 ló rí. Kò tíì sí ẹni tó jáde ní gbangba pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni òun, tó sì du ipò ìjọba ní Amẹ́ríkà ṣáájú rẹ̀. Ẹ wo ibi tí òṣèlú ti jáde wá: láti ìdí àwo oúnjẹ àti ife ọtí. Èyí kò ṣàjèjì sí wa rárá.

Ní New York, ọgbọ́n mìíràn ni wọ́n dá. Ní oṣù kejì ọdún 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin lọ jókòó sídìí tábìlì ilé oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun ní ìlú Greensboro, wọ́n ní àwọn kò ní dìde àfi bí wọ́n bá fún àwọn lóúnjẹ. Ìjókòó yẹn tàn ká gbogbo gúúsù Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1966, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mattachine, tí Dick Leitsch ṣáájú wọn, mú ọgbọ́n àwọn aláwọ̀ dúdú yìí lò. Wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì mọ́rùn, wọ́n kó oníròyìn lẹ́yìn, wọ́n sì ń lọ láti ilé ọtí dé ilé ọtí pé: ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni wá, a kò wá jà, ẹ bu ọtí fún wa. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni pé àwọn kan kọ́kọ́ bu ọtí fún wọn láìjanpata! Wọ́n ní láti máa wá ẹni tí yóò lé wọn kiri. Nígbà tí wọ́n dé ilé ọtí Julius’ ni olùtajà fi ọwọ́ bo ẹnu ife, tí ayàwòrán ìwé ìròyìn kan, Fred McDarrah, sì ya àwòrán ọwọ́ náà. Mo ti wo àwòrán yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ìbínú lójú wọn. Ọwọ́ kan lórí ife ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wàyí o, Stonewall. Kí n sọ òtítọ́: ilé ọtí burúkú ni. Àwọn tó ń ṣe ayẹyẹ rẹ̀ lónìí a máa gbàgbé èyí. Ilé náà wà ní nọ́ńbà 51 àti 53 ní òpópónà Christopher, ní àdúgbò Greenwich Village. Ilé ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ fún ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó wá di ilé oúnjẹ. Ní ọdún 1967, àwọn ọ̀daràn Máfíà sọ ọ́ di ilé ọtí. Wọn kò gba ìwé àṣẹ. Wọ́n ní ẹgbẹ́ aládàáni ni, kí ẹni tó bá ń wọlé kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, orúkọ irọ́ sì ni ọ̀pọ̀ ń kọ. Kò sí omi ẹ̀rọ lẹ́yìn káńtà, inú omi kan náà ni wọ́n ti ń ṣan ife fún ènìyàn púpọ̀. Wọ́n ń bu omi lu ọtí, wọ́n sì ń tà á lọ́wọ̀n. Àwọn tó ni ín ń fún ọlọ́pàá ní rìbá, nítorí náà bí ọlọ́pàá bá fẹ́ ya wọlé, wọ́n ti máa ń ta wọ́n lólobó. Bí iná funfun bá tàn nínú ilé náà, ẹni tó ń jó yóò dáwọ́ ijó dúró, ẹni tó di ẹnìkejì rẹ̀ mú yóò tú u sílẹ̀.

Kí ló dé tí ènìyàn fi ń lọ síbẹ̀? Nítorí pé wọ́n lè jó níbẹ̀. Ibi tí ọkùnrin méjì ti lè di ara wọn mú kí wọ́n jó kò wọ́pọ̀ ní New York nígbà náà. Àwọn ọmọ tí òbí wọn lé jáde nílé, tí wọ́n ń sùn ní ọgbà ìtura òdìkejì títì, a máa wá owó ẹnu ọ̀nà kiri kí wọ́n lè wọlé. Àwọn tí a bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tí wọ́n ń múra bí obìnrin wà níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Puerto Rico wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ńlá tó fi ìyàwó sílé náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ibòmíràn kì í ka ife ìdọ̀tí sí.

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1969, lẹ́yìn aago kan, àwọn ọlọ́pàá ya wọlé láìta ẹnikẹ́ni lólobó. Seymour Pine ni orúkọ ọ̀gá tó kó wọn wá. Ènìyàn bí 200 ló wà nínú ilé. Iná funfun tàn. Wọ́n ní kí oníkálukú tò, kí ó mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn tó múra bí obìnrin, wọ́n fẹ́ mú wọn lọ yẹ̀ wò bóyá obìnrin ni wọ́n lóòótọ́. Wọ́n ń tú àwọn tí wọn kò fẹ́ mú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹnu ọ̀nà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Nígbàkígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n bá tú sílẹ̀ yóò sáré wọ inú òkùnkùn lọ, yóò máa dúpẹ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n mú. Ní òru yẹn, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ kò lọ. Wọ́n dúró síwájú ilé náà, wọ́n ń dúró de àwọn tó kù. Ẹni tó ń kọjá lọ dúró pẹ̀lú wọn. Ẹni tó gbọ́ ariwo láti ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá. Èrò di ọgọ́rùn-ún, ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nígbà tí wọ́n ń ti obìnrin kan sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá, tó ń bá wọn jà, ìbínú ru sókè. Wọ́n ń sọ owó ẹyọ lu àwọn ọlọ́pàá: ẹ gbà, rìbá yín rèé! Lẹ́yìn owó ni ìgò, lẹ́yìn ìgò ni òkò. Àwọn ọlọ́pàá sá padà sínú ilé ọtí tí wọ́n wá tì, wọ́n sì ti ara wọn mọ́bẹ̀, àwọn àti oníròyìn kan, Howard Smith. Àwọn tó wà níta fa òpó irin kan tu, èyí tí àwọn onímọ́tò ń sọ owó sí kí wọ́n lè gbé ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń fi kan ilẹ̀kùn. Àwọn ọlọ́pàá kògbérèégbè ló wá yọ wọ́n. Ní alẹ́ kejì, èrò tún pọ̀ ju tàkọ́kọ́ lọ, rògbòdìyàn náà sì ń lọ, ó ń bọ̀, fún bí ọjọ́ mẹ́fà.

Ta ló kọ́kọ́ ju òkò? Àríyànjiyàn lórí èyí kò tíì tán títí di òní, bí ìgbà tí ìdílé mẹ́ta bá ń du ẹni tó tẹ ìlú dó. Marsha P. Johnson, ẹni dúdú tí ọ̀pọ̀ ń gbé òkò àkọ́kọ́ fún, fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí òun tó dé. Èmi kò rí ìdí tí a fi ń wá ẹnì kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru yẹn ni pé èrò kò túká.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àwọn oníkóòtù àti táì lọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 1970, tó pé ọdún kan gééré, wọ́n ṣe ìwọ́de láti Greenwich Village dé ọgbà Central Park. Láti ibẹ̀ ni gbogbo ìwọ́de tí ẹ ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n lóṣù kẹfà ọdọọdún ti ṣẹ̀. Ilé ọtí náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ kó tó kógbá wọlé. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn ìjà náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni ọtí tún padà síbẹ̀. Òfin kò sì yípadà ní wàràǹṣeṣà: ọdún 2003 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà wọ́gi lé gbogbo òfin tó kù tó ń fi ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọdún 2015 sì ni ó fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn. Ní 2016, Ààrẹ Obama sọ òpópónà yẹn di ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 2019, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá New York tọrọ àforíjì. 50 ọdún ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì kí ó tó jáde.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ẹni tó jà ló jẹ nínú ère rẹ̀. Sylvia Rivera, tí òun àti Marsha jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1970 láti máa wá ibi ìsùn fún àwọn ọmọ ìgboro tó ń múra bí obìnrin, gun orí pèpéle níbi àjọ̀dún wọn ní 1973 láti sọ̀rọ̀ fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n. Ariwo ni wọ́n fi bò ó. Àwọn tó ti rí àyè jókòó ń tijú ẹni tó gba àyè náà fún wọn.

Mo ti sọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà tó. Ọmọ tiwa náà ti fara gbá nínú irú rẹ̀. Justin Fashanu, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ni agbábọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n san mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lé lórí, nígbà tó lọ sí Nottingham Forest ní 1981. Brian Clough, tó jẹ́ olùkọ́ni níbẹ̀, gbọ́ pé ó ń lọ sí ilé ijó àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Clough fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ bí òun ṣe fi ìbéèrè wá a lẹ́nu wò: bí ènìyàn bá fẹ́ ra búrẹ́dì, níbo ló ń lọ? Bó bá fẹ́ ra ẹran, níbo ló ń lọ? Kí ló wá ń mú ìwọ lọ sí ilé ijó yẹn? Ó dá a dúró lẹ́nu ìgbáradì. Fashanu kú ní 1998, ọmọ ọdún 37. Bí mo bá rántí ìbéèrè Clough yẹn, mo máa ń rántí ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi, nítorí pé èsì kan náà ni wọ́n ní: ibi tí ènìyàn ń lọ ni ibi tí wọ́n bá ti gbà á.

Ní ilé, òfin tó ń fi ìbálòpọ̀ akọ-sí-akọ ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ní gúúsù Nàìjíríà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kó o wá fún wa. Òun ló wà nínú òfin ìwà ọ̀daràn ti 1916. Wọ́n pa tiwọn tì láti 1967, àwa ń tọ́jú tiwa. Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan fi òfin mìíràn lé e. Orúkọ ìgbéyàwó ni wọ́n fi pe òfin náà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sì ni ó fi lé ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n mo rọ̀ yín kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní ẹni tó bá forúkọ irú ilé ìgbafẹ́ tàbí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó bá ń ṣàkóso rẹ̀, tàbí tó bá kópa nínú rẹ̀, yóò fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Ẹni tó bá tì í lẹ́yìn náà, ọdún 10. Nàìjíríà kò tíì ní Stonewall kankan tí a fi ṣòfin láti tì í. Ìjókòó pọ̀ gan-an ni wọ́n kà léèwọ̀.

Kí òfin yẹn tó dé, àwọn kan ti gbìyànjú. Bisi Alimi, ọmọ Mushin, jókòó níwájú Fúnmi Ìyàndá lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní 2004, ó sì sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún gbogbo Nàìjíríà; ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ló sá lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Alùfáà Jide Macaulay dá ìjọ kan sílẹ̀ ní Èkó ní 2006, House of Rainbow ni wọ́n ń pè é, fún àwọn tí ìjọ tó kù lé. Ó wù mí láti ronú sí èyí díẹ̀: níbi tí àwọn ará New York ti wá ilé ọtí, ọmọ Yorùbá wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ìjọ náà kò ju ọdún méjì lọ kí ìwé ìròyìn tó tú u síta, tí ìhàlẹ̀ sì mú kí alùfáà náà sá kúrò nílùú.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn ọlọ́pàá ní wọ́n ń mú ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé ni. Àwọn tí wọ́n kó ní àríyá ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. James Brown, tí ọ̀pọ̀ yín mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, wà lára wọn. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó fi sẹ́ níwájú àwọn oníròyìn ló di àwàdà lẹ́nu gbogbo ayé. Àwọn yòókù kò rí àwàdà sọ di oúnjẹ. Wọ́n ti fi ojú wọn hàn kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ẹjọ́ wọn. Àwọn kan nínú wọn sọ fún oníròyìn lẹ́yìn náà pé ẹbí àwọn ti kọ àwọn sílẹ̀, pé iṣẹ́ ti bọ́. Ìparí ọdún 2019 ni ẹjọ́ àwọn 47 nínú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fi ìfẹ́ akọ-sí-akọ hàn ní gbangba. Gbogbo wọn ní àwọn kò jẹ̀bi. Òun ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí gbogbo ènìyàn ń wò láti fi mọ bí òfin 2014 náà ṣe lágbára tó. Ẹlẹ́rìí tí ìjọba ní òun yóò mú wá kò yọjú. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fúnra wọn kò yọjú nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa da ẹjọ́ náà nù nítorí pé ìjọba kò ṣe é bí ẹni tó fẹ́ ṣe é.

Dídà nù kì í ṣe ìdáláre. Adájọ́ náà kò sọ pé òfin náà dára tàbí pé ó burú, kò sọ pé wọ́n jẹ̀bi tàbí pé wọn kò jẹ̀bi. Abala 40 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa sọ pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti bá ẹlòmíràn péjọ, abala 37 sì dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ilé ẹni, ṣùgbọ́n ẹjọ́ Ẹ̀gbẹ́dá kò débi kí a yanjú ìyẹn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àwọn ọlọ́pàá tún ya wọ hótẹ́ẹ̀lì kan ní Ekpan, ní Ìpínlẹ̀ Delta, wọ́n kó àwọn tó lé ní 60, wọ́n sì tún fi wọ́n hàn níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ní ohun tí ìjọ wọn tàbí mọ́sáláṣí wọn fi kọ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi náà ní. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni du Bíbélì tàbí Àlùkùránì. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kéré ju ìyẹn lọ. Nígbà tí mo ka ìtàn òpópónà Christopher tán, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì ń wá ohun tó fi yàtọ̀. Ọlọ́pàá kan náà ni, ìtìjú kan náà ni, orúkọ nínú ìwé ìròyìn kan náà ni. Àwọn tó wà níta ni kò rí bákan náà. Ní New York, àwọn tó wà níta dúró. Nínú ìtàn Ẹ̀gbẹ́dá, èmi ni ẹni tó wà níta, mo jókòó sí Odò-Ọjà pẹ̀lú ife ẹmu lọ́wọ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹfà tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi. Ó jókòó sínú ilé ọtí Stonewall fúnra rẹ̀, ife bíà wà níwájú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti ń fi omi ẹ̀rọ ṣan ife báyìí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń ta bíà kan, agbè ẹmu odindi ni yóò rà nílé. Mo pè é. A sọ̀rọ̀ títí. Ó bi mí bóyá ìyá ẹlẹ́mu ìgbà náà ṣì wà. Mo ní ó wà, pé ó ti kó kúrò níbi tí a mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì, pé orí àga oníke ni a ń jókòó sí báyìí.

Ó ní ìyá òun yóò pé ẹni 70 ọdún ní oṣù kejìlá, òun sì ń rò ó bóyá kí òun wálé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Tí mo bá wá, ṣé wàá bá mi jókòó?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ní ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀? Pẹ̀lú ohun tí wọ́n ti ń sọ kiri?”

Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé èló ni wọ́n ń ta ife ẹmu kan báyìí.